Orí Jọláyẹmí Pé

Wọ́n ní torí pé Jọláyẹmí ará Inísà ta orí ẹ̀ fáwọn dókítà ni ò ṣe mọ ọ̀nà ilé mọ́. Irọ́ gbuu ni! Bọ́ọ̀lù ló gbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Lọ́dún 1991, nígbà tó ku ìdíje kan kí wọ́n gbá àṣekágbá, òun àti ọmọ Òkúkù kan jọ fò sókè, wọ́n forí sọra wọn, ó dákú. Nígbà tó jí, òòyì ń kọ́ ọ, àmọ́ ó ṣì fẹ́ gbá àṣekágbá lọ́jọ́ kejì.

Àwọn dókítà kan tó ń ṣèwádìí orí àwọn agbábọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. Ọ̀kan tí Yorùbá ẹ̀ ò dán mọ́rán fẹ́ mọ̀ bóyá orí ń fọ́ ọ, ló bá bi í lójú gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ pé, "Ṣé orí ẹ pé?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Jọlá, fún wọn lésì jàre, wèrè!"

Ta ló máa ní orí òun ò pé? Inú bí i. "Orí mi pé ju tiyín lọ, sà!"

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó gbá àṣekágbá náà, wọ́n tún kọlù ú lórí. Látìgbà náà ló ti ń gbàgbé nǹkan.

Ìgbẹ̀yìn tí mo rí i ní Ìkìrun, kò rántí orúkọ mi, èmi tí mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Ó ní, "Màámi, ká ní wọ́n bi mí ní kọ̀rọ̀ ni, ǹ bá ti jẹ́wọ́."