Ẹni Tó Ṣáájú Wa Dé Bíró Owó Orí

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin kì í po ọṣẹ kí wọ́n má bá ọkọ wọn sọ̀rọ̀. “Bàbá, ṣé ó ti ki tó?” ni wọ́n máa ń bi àga òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Bàbá náà ti kú tipẹ́.

Wọ́n kàn fẹ́ràn ọṣẹ pípo ni. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń tà fún àwọn ará ìlú wa, Ìgòlò. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ẹni tó ń tajà nílé pàápàá gbọ́dọ̀ san owó orí, ẹ̀rù bà wọ́n pé wọn ò ní lè po ọṣẹ mọ́. Ni mo bá sìn wọ́n lọ sí bíró, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba owó orí.

Akọ̀wé ti ń rẹ́rìn-ín kí a tó jókòó. “Màmá ọlọ́ṣẹ, àbí? Bàbá ti wá láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní kí n má bu owó ọlọ́jà ńlá lé yín lórí. Díẹ̀ lẹ máa san.”

“Bàbá wo?” ni mo bi í.

“Bàbá arúgbó kan tí àpá iná wà níwájú orí wọn.”

Èmi ni mo fọ ojú àpá yẹn nígbà tí a ń wẹ òkú wọn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi sanwó, wọ́n dúpẹ́. Bí a ṣe jáde tí mo fẹ́ bojú wẹ̀yìn, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

“Má wò wọ́n,” ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. “Ojú máa ń tì wọ́n.”