Ìyá Máàpù àti Ọ̀nà Afárá Pákó

Télọ̀ ni Ìyá Máàpù, kì í ṣe awọnlẹ̀. Oníbàárà ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè lórúkọ yìí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù, níbi tí ilé ti há mọ́ ilé, tí títì kankan kò ní pátákó orúkọ. Bí oníbàárà bá pè é, á júwe ọ̀nà títí ohùn rẹ̀ á fi há: "Ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún níbi géètì dúdú. Rárá o, géètì dúdú kejì!" Oníbàárà á rìn títí, á fi ìbínú padà sílé. Lójú fóònù, gbogbo àdúgbò náà funfun báláú, bí ẹni pé ewúrẹ́ nìkan ló ń gbé ibẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé máàpù kan wà tí ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún, ó ní irọ́ ni. Ó kàn dán an wò, ó tẹ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí i. Kò pẹ́ tí obìnrin kan tẹ̀ lé fóònù wá síwájú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan. Láti ọjọ́ náà, bó bá ń lọ ra òwú, fóònù á wà lọ́wọ́ rẹ̀, á máa sàmì sí ilé oògùn, ibi omi ẹ̀rọ, ilé ẹ̀kọ́. Àwọn aládùúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí: "Ìyá Máàpù, ṣé ẹ ti fi ewúrẹ́ wa sí i?" Ó ní kí wọ́n mú un wá kí òun kọ́kọ́ wọn bùbá fún un.

Nígbà tó yá, wọ́n di ẹgbẹ́. Olórí wọn ni Tíṣà, bàbá arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì, tó kọ́ Ìyá Máàpù fúnra rẹ̀ ní ABD nígbà tó wà lọ́mọdé. Gbàjámọ̀ tó ń gẹrun ní ìkángun títì náà dara pọ̀ mọ́ wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí ọdún tó yí po, ibi tó funfun báláú ti kún fún ilé àti ọ̀nà. Òfin wọn kò le rárá: bí ẹnì kan bá ya ọ̀nà tuntun, àwọn méjì mìíràn gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i kí máàpù tó gbà á. Òfin dára o. Àwa tó yẹ ká pa á mọ́ ni wàhálà.

Ní ọjọ́ kan, Tíṣà ya ọ̀nà kan gba orí odò ẹ̀yìn àdúgbò, ó kọ ọ́ sí i pé mọ́tò ń gbà á. Máàpù náà máa ń fi ipa àwọn fóònù tó bá kọjá níbì kan hàn, bí ẹrẹ̀ ṣe ń fi ipa ẹsẹ̀ hàn, Tíṣà sì rí i pé àwọn fóònù ń kọjá lórí odò náà ní àlọ àti àbọ̀. Ọkàn Ìyá Máàpù kò gbà á tán. Ó pe bàbá náà.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọ̀nà orí odò yìí, ṣé mọ́tò ń gba ibẹ̀ lóòótọ́?"

"Ṣé irọ́ ni mo ń pa ni, ọmọ mi?" Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Wo bí fóònù ṣe ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́. Àbí wọ́n ń fò ni?"

"Rárá o, sà. Ẹ má bínú."

Ta ni yóò sọ fún ẹni tó kọ́ ọ ní ABD pé kó lọ tún iṣẹ́ rẹ̀ wò? Ìyá Máàpù tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni," ó padà sídìí kọ́là tó ń rán. Kò pẹ́ tí gbàjámọ̀ náà tẹ tirẹ̀.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, àbúrò rẹ̀ obìnrin ń bá a gán bọ́tìnì nínú ṣọ́ọ̀bù. Oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn, ìdí nìyẹn tó fi wá ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó dìde láti gbé síṣọ́ọ̀sì, ó sì dúró gbọnyin.

"Àǹtí mi, ẹ wò mí o."

Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn dé kókósẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Máàpù tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí aṣọ àwọn oníbàárà, ó pe ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó gbé fóònù ní kí wọ́n má dán an wò láti gbé e sórí ọ̀kadà, kó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, áńbúláǹsì ti gbéra. Ó ní kó fi ibi tí wọ́n wà ránṣẹ́ sí awakọ̀ lórí fóònù. Ìyá Máàpù fi í ránṣẹ́, ó sì dúpẹ́ pé ilé àwọn wà lórí máàpù. Àmì kékeré tó dúró fún mọ́tò náà ń rìn bọ̀ lójú fóònù rẹ̀, ó ń sáré, ó ń sún mọ́ wọn. Ó dé oríta. Òsì ló yẹ kó yà sí, síhà ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù.

Ọ̀tún ló yà sí.

Ìyá Máàpù fò dìde. Ó pe awakọ̀ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà! Ẹ gba ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù!"

"Màdáámù, máàpù ní ibí ló yá jù."

"Mo mọ ohun tí máàpù wí! Ẹ ṣáà padà!"

Fóònù já. Ó ti tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni" sí ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í pé kí ló wà lórí odò náà, kò ní lè sọ. Ó ké sí ìyá onílé pé kó wá di ọwọ́ àbúrò òun mú, ó sì sá jáde pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Bó ṣe ń sá ló ń pe gbàjámọ̀: "Kó àwọn ọkùnrin wá sétí odò! Má béèrè nǹkan kan!"

Pákó mẹ́ta ló rí nígbà tó débẹ̀. Pákó mẹ́ta tí wọ́n tò síra wọn, tí kò fẹ̀ ju ohun tí ọ̀kadà kan lè gbà lọ, omi òjò sì ti kún dé abẹ́ rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà àti àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ló ni gbogbo fóònù tó ń kọjá. Ní òdìkejì, áńbúláǹsì ti há sáàárín ọgbà méjì, kò lè yí padà, táyà iwájú rẹ̀ sì ti fẹ́ kan pákó.

Awakọ̀ yọ orí síta. "Èèyàn mẹ́ta ló jẹ́rìí sí ọ̀nà yìí! Ẹ kúrò níbẹ̀, kí n rọra gbà á."

Ìyá Máàpù bọ́ sórí pákó, ó dúró síwájú mọ́tò. Ó gbọ́ bí pákó ṣe ń tẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ òun nìkan, ẹ̀rù sì bà á gan-an.

"Èmi wà nínú àwọn mẹ́ta yẹn! Irọ́ la pa! Irọ́ ni!"

Gbàjámọ̀ ti dé pẹ̀lú àwọn ọlọ́kadà kan, Tíṣà sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ọ̀kadà. "Má sọ bẹ́ẹ̀ lójú èèyàn, ọmọ mi," ni Tíṣà wí. "Bó bá rọra wà á, bóyá ó lè gbé e."

Ìyá Máàpù yíjú sí i. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò gbé ohùn sókè sí bàbá náà rí.

"Sà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó ti ń wọ́ o! Ẹ bá a sọ̀rọ̀!"

Tíṣà wo omi. Ó wo táyà. Ó ṣí fìlà rẹ̀.

"Awakọ̀, má kọjá!" ó ké. "Èmi ni mo ya ọ̀nà yẹn. Kì í ṣe ọ̀nà mọ́tò. Bó o bá ní kó o fẹ̀yìn rìn lọ yípo, á pẹ́ jù. Gbé ibùsùn aláìsàn rẹ wá, a máa gbé e wá bá ọ."

Wọ́n sá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì fi ibùsùn náà gbé àbúrò Ìyá Máàpù bọ̀. Ẹni méjì péré ló lè gbé ibùsùn lórí pákó náà, gbàjámọ̀ mú iwájú ibùsùn, awakọ̀ mú ẹ̀yìn, Ìyá Máàpù sì ń tẹ̀ lé wọn. Ojú àbúrò rẹ̀ ti funfun.

"Àǹtí mi, ó dà bíi pé mò ń lọ."

"O ò lọ síbì kankan. Ojú mi ni kó o máa wò."

Ní àárín odò, ẹsẹ̀ gbàjámọ̀ yọ̀, ó wọ omi dé orúnkún. Ibùsùn fì sápá kan. Gbogbo àwọn tó wà létí odò pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Gbàjámọ̀ payín keke, kò jẹ́ kó bọ́, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, wọ́n sì gòkè. Wọ́n gbé e sínú áńbúláǹsì, awakọ̀ sì fẹ̀yìn rìn jáde sí oríta.

Ní ilé ìwòsàn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, ẹrẹ̀ lára wọn. Ó pẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó jáde.

"Ìyá wà láyè. Ọmọ náà wà láyè, ó kéré, ṣùgbọ́n ó ń mí. Ká ní ẹ tún pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ."

Ìyá Máàpù bú sẹ́kún. Tíṣà ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Orúnkún mi ò gbé mi dé etí odò yẹn rí," ó ní. "Orí àga ni mo jókòó sí tí mo fi yà á."

"Èmi náà ò débẹ̀ rí, sà," ni Ìyá Máàpù wí. "Torí pé ẹ̀yin ni."

Gbàjámọ̀ wo ilẹ̀. "Orúkọ ẹ̀yin méjèèjì ni mo rí tí mo fi tẹ̀ ẹ́."

Ìròyìn ò tó àfojúbà: ọmọdé gbogbo ló mọ̀ ọ́n, àwọn àgbà mẹ́ta yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀mí méjì kọ́ ọ. Tíṣà yọ fóònù, ó pa ọ̀nà náà rẹ́, àwọn méjì yòókù jẹ́rìí sí i níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí Ìyá Máàpù wọlé, àbúrò rẹ̀ la ojú. Ó na ọwọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì dì í mú.

"Àǹtí mi, mo gbọ́ tí awakọ̀ ń sọ ọ́ nínú mọ́tò pé wọ́n ṣi òun lọ́nà. Ta ló júwe ọ̀nà yẹn fún un?"

Ó lè dárúkọ Tíṣà. Ó lè sọ pé máàpù ni. Nọ́ọ̀sì tó ń to oògùn ní igun yàrá kò tilẹ̀ gbọ́ wọn.

"Èmi wà nínú wọn," ó ní. "Mo jẹ́rìí sí ohun tí mi ò rí."

Àbúrò rẹ̀ wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri.

Ìyá Máàpù kò bẹ̀ ẹ́. Ó fa àga sún mọ́ ibùsùn, ó jókòó tì í.