Ilé-Ìwé Tó Lé Ardelia Tolliver Ti Wá Rántí Rẹ̀

Ardelia Tolliver, òǹkọ̀wé eré wa, kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ilé-ìwé gíga tó lé e bí ẹní lé ajá ti rántí pé ọmọ àwọn ni. Ẹ kú ìrántí o!

Èmi Roscoe Gaines, ìwé kẹta ni mo kà mọ, síbẹ̀ ilé ìfọṣọ mẹ́ta ni mo fi ọwọ́ mi méjèèjì dá sílẹ̀ ní Georgia, Amẹ́ríkà níbí. Ẹ̀yin onímọ̀, ẹ fara balẹ̀ kí púrúǹtù kọ́ yín lẹ́kọ̀ọ́.

Ta ló kọ́ Ardelia ní eré kíkọ? Ìyá rẹ̀ ń fọṣọ fún àwọn aláwọ̀ funfun. Kò sí ìwé kankan nílé wọn. Ẹ̀yìn abẹ̀bẹ̀ bébà tí asìnkú ń pín ní ṣọ́ọ̀ṣì láti polówó iṣẹ́ rẹ̀ ni Ardelia ń kọ̀wé sí. Lọ́jọ́ Àjíǹde, ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ìjọ wa a máa dìde ka ẹsẹ tirẹ̀, a sì sá jókòó. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Ardelia nígbà tó so àwọn ẹsẹ náà pọ̀ di eré, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara wa lóhùn. Èmi ni Pétérù, kò sì tíì sí Pétérù tó dà bí mi. Ìyá Hattie, àgbà ìjọ, fajú ro nígbà tí obìnrin inú eré náà bá mi wí.

"Ardelia, ta ló ní kí obìnrin máa bá Pétérù wí níwájú ìjọ?"

"Mà, ẹni tó sẹ́ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta ńkọ́? Ṣé ká kí i kú iṣẹ́ ni?"

Ìjọ rẹ́rìn-ín títí.

Ó wọ ilé-ìwé gíga àwa dúdú. Ní ọdún kejì, ó kọ eré nípa àwọn afọṣọ, ó jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ bí afọṣọ ṣe ń sọ̀rọ̀. Háà! Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní ó dójú tì wá lójú àwọn aláwọ̀ funfun. Wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé ilé-ìwé, wọ́n sì lé e. Ṣé ìyá tiwọn kò fọṣọ rí ni? Àbí ẹ̀wù funfun wọn ló ń fọ ara rẹ̀?

Níbi ìsìnkú, ọ̀gá ilé-ìwé náà dìde. "Ọ̀dọ̀ wa ni Ardelia ti kọ́ iṣẹ́ eré kíkọ."

"Olúwa, ràn án lọ́wọ́!" Vernell, àbúrò olóògbé, ló ké bẹ́ẹ̀ láti ìjókòó iwájú.

"Ràn án lọ́wọ́, Jésù!" Gbogbo wa gbè é.

Ohun tí a máa ń wí fún oníwàásù tó ti ṣìnà nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni rò pé ìyìn ni; ó mi orí, ó tún gbé ohùn sókè. Ìwé mà pọ̀ lórí o! Ó ní àwọn yóò fi orúkọ Ardelia sọ gbọ̀ngàn.

"Ìwé ẹ̀rí ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́, sà?" Vernell bi í.

"A ó gbé e yẹ̀ wò, mà."

Ẹ gbé kí ni yẹ̀ wò? Gbọ̀ngàn kọ́ la bèèrè. Ẹ gbé ìwé tí ẹ ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ ka orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i sókè ketekete, kí ẹ sì fi ìwé ẹ̀rí náà lé Vernell lọ́wọ́. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Àbí òkú tirẹ̀ náà lẹ ń dúró dè?