Irin Tí Kò Ní Ìbòrí

Ìró Ìyá Ìbejì ni bẹ́líìtì ẹ̀rọ kọ́kọ́ gbé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Kí wọ́n tó rí ẹ̀rọ pa, orúnkún rẹ̀ ti rún.

Ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1970 ni, ní Ìsẹ́yìn, nínú ilé iṣẹ́ kan tí àwọn òyìnbó ti ń ránṣọ kó lọ sí ìlú wọn. Oníròyìn ni mí n'Íbàdàn nígbà náà. Ọmọ Ìsẹ́yìn sì ni mí, ìyẹn ni mo ṣe tètè gbọ́.

Irin gígùn kan ló ń yí lábẹ́ àwọn tábìlì, bẹ́líìtì ló so ó mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ kọ̀ọ̀kan. Pákó ló bò ó tẹ́lẹ̀. Máníjà ní kí wọ́n yọ pákó náà, torí pé bí bẹ́líìtì bá já, àtiṣí pákó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn.

Obìnrin tó jókòó ti Ìyá Ìbejì sọ fún mi pé: "Ìró rẹ̀ ló tú. Ó dìde, ó na etí ìró náà sọ́tùn-ún sósì kó lè tún un ró, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Mo rí i tí nǹkan fà á, ẹ̀rín ló pa mí. Mo ní, 'Ìyá Ìbejì, ọkọ tuntun ló ń fà ọ́ láṣọ ni?' Àfi bó ṣe figbe ta."

"Ẹ ò ṣe máa wọ ṣòkòtò?"

"A tọrọ èyí tí abẹ́rẹ́ ti bà jẹ́ nínú àwọn tí à ń rán, ká máa wọ̀ ọ́ sábẹ́ ìró. Wọ́n ní olè ni wá. Ojú wa ni wọ́n ṣe dáná sun ún."

Mo wọ ọ́fíìsì máníjà. Fáànù ń fẹ́ ẹ lórí tábìlì, wáyà bo fáànù náà yíká kó má baà gé e lọ́wọ́. Ó ní, "Ìró yín ló ṣe é. Ẹ̀rọ wa kò ní àbùkù."

Ní ọsibítù, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ Ìyá Ìbejì. Kò sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rárá. Ó di apá mi mú: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti dá pákó yẹn padà? Àbúrò mi ni wọ́n fi sídìí ẹ̀rọ mi láàárọ̀ yìí."

Mo gbé ìbéèrè rẹ̀ lọ bá ọ̀gá tí ìjọba fi ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ó ní, "Òkè òkun ni àwọn tó ni ilé iṣẹ́ wà. Àwọn ni yóò pàṣẹ kí wọ́n dá pákó padà. A ó fi tó wọn létí. Kí wọ́n tó fèsì, iṣẹ́ ń lọ. Kí àwọn obìnrin yẹn máa ṣọ́ra."