Ìka Àbẹ̀kẹ́ Lára Ìwé Ìròyìn Mọ́tò Asáré

Òórùn ìwé àtijọ́ ló jí mi lójú oorun ọ̀sán lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Òtútù mú níta débi pé yìnyín ti bo ẹsẹ̀ mọ́tò mọ́lẹ̀ níwájú ilé, ẹ̀rọ amúlégbóná sì ń fẹ́ atẹ́gùn gba ihò ara ilẹ̀ wọ yàrá mi. Atẹ́gùn yẹn ló gbé òórùn náà wá láti yàrá abẹ́ ilé, òórùn ìwé ìròyìn tó ti gbó, tó dà bí èèpo igi tí òjò pa tó tún gbẹ. Mo dìde jókòó, mo ń retí kí òórùn òróró gbígbóná tẹ̀ lé e. Kò tẹ̀ lé e. Ìgbà náà ni mo tó rántí pé Country Club Hills lẹ́bàá Ṣìkágò ni mo wà, pé kì í ṣe Ìkìrun.

Mo rọra sọ̀ kalẹ̀. Dàpọ̀, ọkọ ọmọ mi, ló jókòó ti kọ̀ǹpútà. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti ibi iṣẹ́ dé, kàkà kó sùn, ó wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹni tó fẹ́ gbẹ̀bí. Ìwé ìròyìn àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ló ń gbẹ̀bí rẹ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ gbà á síṣẹ́ ní Albany Park nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí ló fi páálí ìwé náà sílẹ̀ fún un kó tó kú. Á tẹ́ ọ̀kan sórí gíláàsì ẹ̀rọ, iná á kọ mànà, àwòrán rẹ̀ á wọ inú kọ̀ǹpútà, láti ibẹ̀ á sì máa lọ bá àwọn olólùfẹ́ eré náà káàkiri ayé.

Eré wo, jàre? Mo ti wò ó nínú fóònù rẹ̀. Mọ́tò méjì á dúró, wọn á máa bú ramúramù, èéfín á bo gbogbo ayé, wọn á fò jáde, kí o tó ṣẹ́jú, wọ́n ti dé. Níbo ni wọ́n dé? Ìsàlẹ̀ títì kan náà. Wọn ò gbé èrò, wọn ò gbé ẹrù, wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Aṣọ ńlá kan á wá tú jáde nídìí mọ́tò láti fà á dúró. Ẹni tó mọ̀ pé ibẹ̀ yẹn lòun máa dúró, kí ló ń sáré sí? Àwọn bàbá onírùngbọ̀n funfun á sì máa bá ara wọn jà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé mọ́tò tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ṣé pupa ni àbí pupa rẹ́súrẹ́sú. Wọn ò níṣẹ́.

Mo na ọwọ́ sí ọ̀kan. Dàpọ̀ fò dìde.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án! It's very rare. Irú ẹ̀ ò dé Nigeria rí."

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Kò dé ọ̀dọ̀ wa rí? Àwa tá a fi nùdí ọmọ?

Sìmí, ọmọ ọmọ mi, ìwọ tó ń bá mi kọ ọ́, kọ èyí dáadáa kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ lè kà á. Ìyá mi ń dín dùǹdú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé kan ní Ìkìrun, ilé ìwé tí èmi fúnra mi ò wọ̀ rí àfi tí mo bá gbé dùǹdú lọ fún tíṣà. Ewé la kọ́kọ́ ń fi di í. Ooru iṣu á mú ewé náà rọ̀, á sì máa ta sánsán. Ó ṣe, àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé ìròyìn dé láti Ìbàdàn, ní dídì ní dídì bí ìdì koríko. Ìwé òyìnbó ni, èyí tí wọn ò rí tà nílùú wọn, tí wọ́n dà sínú ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n ń fi òṣùwọ̀n wọ̀n fún wa bí ẹní wọn ìdọ̀tí. Làwa bá ní ọ̀làjú dé. Ẹni tó bá fi ewé di dùǹdú, ó di ará oko. Ìyá bàbá mi nìkan ló kọ̀, ó ní òun ò ní jẹ iṣu lójú òyìnbó tí òun ò mọ̀ rí.

Èmi àti Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rẹ́ mi ní agbo ilé kejì, la máa ń ya ìwé náà lórí eékún wa láàárọ̀. Àbẹ̀kẹ́ ò mọ̀wé, bí èmi náà ò ṣe mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó máa ń kà á. Á gbé e sókè bíi tíṣà, á yínmú, á máa sọ ohun tí àwòrán bá sọ fún un. Lọ́jọ́ kan ló rí mọ́tò kan tó gùn gbọọrọ bí àkàbà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Táyà iwájú tín-ín-rín bíi ti kẹ̀kẹ́, tẹ̀yìn tóbi bí odó, awakọ̀ wá lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá bí ọmọ tí tíṣà lé sí igun kíláàsì.

Mo ní, "Kí ló ń lé e?"

"Ìtìjú ni. Ó jí ẹran nínú ọbẹ̀ ìyá ẹ̀."

"Èéfín yẹn ńkọ́?"

"Ẹran ọ̀hún ṣì gbóná lẹ́nu ẹ̀."

A rẹ́rìn-ín títí iṣu fi jóná nínú agbada, ìyá mi sì fi ṣíbí gbá wa nípàkọ́. Àbẹ̀kẹ́ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú ìwé yẹn di nǹkan. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀, tó kún fún òróró, tẹ awakọ̀ náà mọ́lẹ̀ lójú, ó ní, "Dìde níbẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ wà á."

Kò pẹ́ sígbà náà tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fi wá mú un lọ sí Kùmásì ní Gánà láti máa bá ìyàwó rẹ̀ tajà. Ẹrù pọ̀ nínú lọ́rì náà tó fi ń rìn bí aboyún tí oṣù rẹ̀ pé. Láti òkè ẹrù ló ti ju ìwé náà sí mi: "Bá mi tọ́jú mọ́tò mi o!" Nígbà tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gánà, mo ti ń pọn ọmọ. Gbogbo lọ́rì tó wọ ìlú ni mo lọ pàdé. Àbẹ̀kẹ́ ò sọ̀ kalẹ̀ nínú ìkankan. Àwọn kan ní ó ti kú, àwọn kan ní ó rọ́kọ fẹ́ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ni mo bá gòkè lọ, mo tú àpótí mi, mo mú ìwé náà jáde nínú gèlè tí mo fi wé e. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀. Dàpọ̀ rí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, tòun tìbọ̀wọ́.

"Mummy! A ò ní eléyìí! Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń wá a!"

Mo gbà kó tẹ́ ẹ sórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò kúrò létí rẹ̀. Ó yọ sójú kọ̀ǹpútà. Dàpọ̀ wá ń fi ìka fa nǹkan síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ẹní ń nu ojú fèrèsé, àmì òróró náà sì pòórá. Òyìnbó kan tó dé akoto ló yọ síbẹ̀.

"Ẹ wò ó, Mummy, ó ti mọ́ tónítóní."

"Ta nìyẹn?"

"The driver, Mummy. Òun làwọn èèyàn fẹ́ rí."

"Ta ló ní kó jókòó síbẹ̀? Dàpọ̀, bó o bá máa fi tèmi hàn wọ́n, fi hàn wọ́n bó ṣe rí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pa á rẹ́, kí n máa gbé ìwé mi lọ."

Ó wò mí. Ó wo ìwé tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wá kiri. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mọ́tò ti gba ìdajì ọpọlọ rẹ̀. Ó tẹ nǹkan kan, òyìnbó náà sọ̀ kalẹ̀, Àbẹ̀kẹ́ padà sí àyè rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn bàbá onírùngbọ̀n yẹn kọ̀wé, Sìmí sì kà á sí mi létí, pé ìwé náà dára, àfi òróró tó bo awakọ̀ lójú. Sìmí ní, "Grandma, kí ni kí n sọ fún un?"

"Sọ fún un pé awakọ̀ gan-an nìyẹn."

Ewé ti tán, níbí, inú ọ̀rá nínú fìríìsà ni iṣu ti ń dì. Ìwé náà ti ṣá, mọ́tò inú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé e sójú fèrèsé, ibi tí ìka Àbẹ̀kẹ́ wà nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Wọ́n ní mọ́tò asáré yẹn dé ibi tó ń lọ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Kó máa sinmi níbẹ̀. Lọ́rì tèmi, èyí tó gbé Àbẹ̀kẹ́, tó ń rọra wọ́ lọ sí Kùmásì, ò tíì dúró, mo ṣì ń gbọ́ ọ.