Ehoro Inú Páálí Aṣọ Ìkókó

Títí di òní, bí mo bá rí ẹni tó ń fẹ́ èémí sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nígbà òtútù, ẹ̀gbọ́n tá a jọ gbé ní Sharjah nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Òun kì í fẹ́ èémí torí ara rẹ̀ o. Ó ní ọwọ́ tútù máa ń já ehoro láyà.

Ó ń ra ọjà ní Deira nítòsí ibẹ̀ ránṣẹ́ sí Èkó, àmọ́ ehoro tó ń sìn lórí òrùlé ilé wa ló gbà á lọ́kàn jù. Òtútù ti pa àwọn ọmọ ehoro náà lẹ́ẹ̀kan, látìgbà náà ló ti ń bú òtútù bí ẹni tó mọ bàbá rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sáré wọlé.

"Àbúrò, yalla, ó yá! Ìyá ehoro ń fa irun àyà ara rẹ̀ tu! Òtútù ti da orí rẹ̀ rú!"

Ó gbé e sínú páálí aṣọ ìkókó tó fẹ́ fi ránṣẹ́, ó sì sáré lọ wá oògùn. Kó tó dé, ehoro ti bí mẹ́fà. Ibùsùn ọmọ ló ń fi irun tẹ́, àìsàn kankan ò ṣe é.

Nígbà táwọn tó ń kó ẹrù dé, ẹ̀gbọ́n dí ẹnu ọ̀nà. "Khalas, ó parí! Páálí yìí ò lọ."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, oníbàárà rẹ̀ pè láti Èkó, ó ń béèrè aṣọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rọra lẹ tẹlifóònù mọ́ etí.

"Ẹ má bínú, mà. Àwọn ìkókó ti ń lò ó."