Wáyà Páwà Mi Ti Bá Gààrí Lọ Ìbàdàn

“Tawa, ta ló ní kí o ra páwà tí wáyà rẹ̀ ń já bí ìrù alángbá?”

Bọ̀ọ̀dá mi ló jágbe bẹ́ẹ̀ mọ́ mi lójú gbogbo ará ilé!

Kọ̀ǹpútà tí mò ń tò pọ̀ fúnra mi ni mo ra páwà, àpótí tó ń pín iná fún un, fún. Bọ̀ọ̀dá ní kí n ra èyí tí gbogbo wáyà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Mo ní rárá, èyí tí wáyà rẹ̀ ṣeé yọ ni mo fẹ́, kí wáyà má baà kún inú rẹ̀ wúruwùru.

Lónìí tí mo fẹ́ tàn án, mi ò rí wáyà kan.

“Màámi, ẹ bá mi rí wáyà dúdú kan?”

“Èyí tó wà nílẹ̀ yẹn? Mo ti fi di ẹnu àpò gààrí àǹtí ẹ. Mọ́tò Ìbàdàn ti gbé e lọ. Ó mà yi o!”

Mi ò sì lè fi wáyà páwà mìíràn dípò, ó lè jó kọ̀ǹpútà.

Síbẹ̀ èmi ni wọ́n ń bú! Ṣé ó dáa? Ẹ dá sí i.

Bọ̀ọ̀dá ò lè rí ohun tí mo kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì yìí, mo ti yọ wọ́n kúrò lára àwọn tó lè kà á. Tí mo bá tún máa ra páwà, èyí tí wáyà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn ni. Ẹnì kankan nílé yìí ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.